Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá mi ń gbé mi rìn, àmọ́ mi ò lè dúró lé e. Kí ni kí n ṣe?

Arìn_Díẹ̀díẹ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n gé fún mi, lábẹ́ orúnkún. Ojú ọgbẹ́ ti jinná, mo ti gba ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, ọ̀pá ìtẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo ni mo sì fi ń rìn báyìí. Bí mo bá ń lọ tààrà, ẹ lè má mọ̀ pé nǹkan kan ṣe mí. Ìdúró gan-an ni wàhálà mi. Bí mo bá dúró níwájú bẹ́ésìnì, tí mo fi ọṣẹ sójú, tí mo wá dijú, kíá lara mi á bẹ̀rẹ̀ sí í fì, àfi kí n yáa di etí bẹ́ésìnì mú. Bí ẹnì kan bá sì pè mí láti ẹ̀yìn, tí mo yíjú lójijì, ògiri ni màá máa wá.

Fisíò tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú mi ò tiẹ̀ jẹ́ kí n rìn púpọ̀ mọ́. Ohun tó ń ní kí n ṣe ni pé kí n dúró sáàárín irin ìdìmú méjì, kí n rọra gbé ẹsẹ̀ gidi lé orí àpótí kékeré kan, kí n tún rọra gbé e sílẹ̀. Ohun tá a ṣe lánàá náà la ó tún ṣe lónìí. Ká má parọ́, ó ti sú mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ẹsẹ̀ yẹn ni ò dáa, pé ká wá owó ká ra èyí tó jù ú lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti la ibẹ̀ kọjá, kí lẹ rí sí i?

Olóhùn_Kan

Òótọ́ lẹ̀gbọ́n yín sọ. Ẹsẹ̀ tó bá dáa, fúnra rẹ̀ ló máa dúró. Kí ni ti gbígbé ẹsẹ̀ lé àpótí bí ọmọdé? Ẹ wá owó, ẹ pààrọ̀ ẹ̀.

Fisíò_Aláàárọ̀

Ẹ jẹ́ n dá sí i, torí iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn.

Arìn_Díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ bẹ́ésìnì yẹn ni kókó gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ. Nǹkan mẹ́ta ló ń sọ fún ọpọlọ ibi tí ara wà: ojú, inú etí lọ́hùn-ún, àti ìmọ̀lára tó ń wá láti àtẹ́lẹsẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ àti àwọn oríkèé yòókù. Wọ́n ti gé àtẹ́lẹsẹ̀ àti ọrùn ẹsẹ̀ òsì yín lọ, nítorí náà ibẹ̀ ò ránṣẹ́ mọ́. Ohun tó kù lápá ibẹ̀ ò ju bí sọ́kẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ibi tó jin nínú ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tẹ́ ẹ ń ki ẹsẹ̀ bọ̀, ṣe ń tẹ kùkùté ẹsẹ̀ yín, ìyẹn ibi tó kù lára ẹsẹ̀ tí wọ́n gé, àti ohun tí orúnkún àti ìbàdí bá rí sọ. Ojú ló wá ń bá wọn ru ẹrù yẹn. Bẹ́ ẹ bá ti wá dijú nítorí ọṣẹ, ẹ ti gba ọ̀pá lọ́wọ́ ara yín nìyẹn. Ìdí tẹ́ ẹ fi ń fì nìyẹn. Ẹsẹ̀ yòówù kẹ́ ẹ wọ̀, ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́.

Ohun kan tún wà níbẹ̀. Ẹni tó ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, bí ara rẹ̀ bá fì díẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn, àwọn iṣan tó wà láàárín orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ á ti fà á padà kóun fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń wọ̀ ò ní iṣan kankan níbẹ̀. Ìbàdí àti ìdí ló máa ṣe iṣẹ́ náà. Ìbàdí sì gbọ́dọ̀ kọ́ ọ ni, kò bá a wáyé.

Ẹ jẹ́ á wá sórí àpótí tó sú yín. Bẹ́ ẹ bá gbé ẹsẹ̀ gidi kúrò nílẹ̀, orí kí ni gbogbo ara yín wà? Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń falẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe ń pẹ́ lórí rẹ̀ tó. Ẹ wo ara yín dáadáa nígbà mìíràn: ṣé ẹsẹ̀ gidi ń rọra balẹ̀ sórí àpótí ni, àbí ó ń já lulẹ̀ gbì? Bó bá ń já lulẹ̀, ẹ̀rù ẹsẹ̀ òsì ló ń bà yín, ẹ ń sá kúrò lórí rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì la fi ń di irin mú níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ọwọ́ kan, lẹ́yìn náà ìka lásán, ká tó wá jù ú sílẹ̀. Àpótí tó ga ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 20 ti tó.

Ìrìn tààrà tẹ́ ẹ ní kò ṣe yín ní nǹkan kan náà, ẹ ní kí ẹnì kan wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Mo lè fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé ìṣísẹ̀ ẹsẹ̀ gidi yín kúrú, ó sì yá ju ti òsì lọ.

Adélẹ́sẹ̀_Irin

Àbúrò, ẹ kú ìfaradà. Òkè orúnkún ni wọ́n ti gé tèmi, ó sì ti pẹ́ gan-an. Mi ò ní orúnkún, mi ò ní ọrùn ẹsẹ̀, mo sì ń wẹ ojú mi lórí ìdúró láìdi nǹkan kan mú. Nítorí náà, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ohun tó ṣí ojú tèmi ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ara ẹni, èyí téèyàn ń gùn. Ẹ wá méjì tó ga bákan náà, ẹ tò wọ́n síra, ẹ fi ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀yọ kan lẹ ní, ẹ fi í sábẹ́ ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, kẹ́ ẹ wá to ìwé tàbí pákó tó ga bákan náà sábẹ́ èkejì. Kí tábìlì tàbí etí àga tó wúwo wà níwájú yín o. Ẹ dúró bẹ́ ẹ ṣe máa ń dúró, kí ẹlòmíì bá yín ka ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ má wolẹ̀ kà á fúnra yín, torí bí orí bá ti tẹ̀ síwájú, ara náà tẹ̀ lé e nìyẹn, ohun tẹ́ ẹ máa kà ò ní jẹ́ òótọ́ mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń rò pé à ń dúró lórí méjèèjì. Irọ́ ni. Ẹsẹ̀ kan là ń dúró lé, èkejì kàn ń bá wa ṣe ẹlẹ́gbẹ́ ni.

Ẹ wá máa sún ìbàdí díẹ̀díẹ̀ sápá òsì. Mo ní ìbàdí o, mi ò sọ pé èjìká. Ẹni tó bá fi èjìká dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ á rí i pé kílò ń lọ sókè, á sì rò pé òun ti ṣe é, ṣùgbọ́n ó kàn ń tẹ̀ bí igi tí atẹ́gùn fẹ́ ni.

Arìn_Díẹ̀díẹ̀

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo yá òṣùwọ̀n kejì, ìyàwó mi ló kà á. Kílò 74 ni gbogbo ara mi. Nígbà tí mo dúró bí mo ṣe máa ń dúró, 23 péré ló wà lórí ẹsẹ̀ àtọwọ́dá. Ó yà mí lẹ́nu, torí mo rò pé mo pín in dọ́gba.

Mo wá gbìyànjú láti sún ìbàdí bẹ́ ẹ ṣe wí. Nígbà tó kọjá 30, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í gún mi nísàlẹ̀ kùkùté níbi tí egungun parí sí. Kò rí bẹ́ẹ̀ láàárọ̀. Bó bá di ọ̀sán, ó máa ń dà bíi pé ẹsẹ̀ mi ń rì wọnú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹsẹ̀ náà á sì máa mì mọ́ mi lára bí mo bá gbé e. Ṣé kí n fara dà á ni?

Oníṣẹ́_Ẹsẹ̀

Rárá o! Ẹ má fara dà á. Ẹ sinmi kílò kíkà ná.

Èmi wà lára àwọn tó ń wọn ẹsẹ̀ wọ̀nyí tó sì ń ṣe é. Kùkùté ẹsẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ní oṣù àkọ́kọ́ sí ìkejìlá pàápàá, ó máa ń fọn ni, kódà láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo ó lè fọn láti àárọ̀ sí ọ̀sán. Bó bá ti fọn, àyè á ṣẹ́ kù nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹsẹ̀ á rì ju ibi tó yẹ kó dúró lọ, ìsàlẹ̀ egungun á wá máa kan ìdí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ohun tó ń gún yín nìyẹn. Ta ló máa fi gbogbo ara lé ohun tó ń gún un? Ọpọlọ yín gbọ́n, òun ló ń lé yín kúrò níbẹ̀.

Ìbọ̀sẹ̀ kùkùté tí wọ́n fún yín pẹ̀lú ẹsẹ̀ náà, ìdí tí wọ́n fi nípọn ju ara wọn lọ nìyẹn. Bó bá di ọ̀sán tẹ́ ẹ rí i pé ó ń rì, ẹ jókòó, ẹ bọ́ ọ, ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan kún un, ẹ wọ̀ ọ́ padà. Bó bá ti wá ṣòro láti wọ̀, ẹ ti fi kún un jù. Ẹ máa mú ọ̀kan dání bẹ́ ẹ bá ń jáde. Bẹ́ ẹ bá sì bọ́ ẹsẹ̀ lálẹ́, ẹ fi dígí wo abẹ́ àti ẹ̀yìn kùkùté. Ara tó pọ́n díẹ̀ tó sì tún padà sí bó ṣe wà láàárín bí ìṣẹ́jú 10 kì í ṣe ẹjọ́. Èyí tó pọ́n tí kò lọ, tàbí tó léròrò, tàbí tó bó, ẹ má wọ ẹsẹ̀ lé e, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣe é.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo fẹ́ bi yín: bàtà wo lẹ fi wọn ẹsẹ̀ yẹn níjọ́sí, ewo lẹ sì ń wọ̀ báyìí?

Arìn_Díẹ̀díẹ̀

Bàtà tí mo fi ń jáde, tó ní gìgísẹ̀ díẹ̀, ni mo wọ̀ lọ. Nínú ilé, sílípáàsì pẹlẹbẹ ni.

Oníṣẹ́_Ẹsẹ̀

Mo mọ̀ ọ́n. Gíga gìgísẹ̀ bàtà tẹ́ ẹ wọ̀ wá ni a fi to ẹsẹ̀ náà. Ọrùn ẹsẹ̀ àtọwọ́dá yín ò lè tẹ̀ bíi ti ẹ̀dá láti bá bàtà mìíràn mu. Bẹ́ ẹ bá wọ bàtà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ kéré ju ti ọjọ́ yẹn lọ, gbogbo ẹsẹ̀ á tẹ̀ sẹ́yìn, á máa ti orúnkún yín sẹ́yìn, á sì dà bíi pé ẹ ń gun òkè lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Bó bá wá jẹ́ èyí tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, á ti orúnkún síwájú, orúnkún á fẹ́ máa ká mọ́ yín nídìí. Orí sílípáàsì lẹ wà tẹ́ ẹ fi ń fì níwájú bẹ́ésìnì, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Arìn_Díẹ̀díẹ̀

Bẹ́ẹ̀ ni o! Orí ẹ̀ gan-an ni.

Olóhùn_Kan

Ẹ ẹ̀ rí i báyìí? Mo ti sọ láti òkè pé ẹsẹ̀ ni!

Oníṣẹ́_Ẹsẹ̀

Ọ̀gá, ìbọ̀sẹ̀ kan àti bàtà kan ni mo ní kó pààrọ̀, mi ò ní kó lọ ta ilé.

Ẹ jẹ́ ká là á síbí, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí. Àwọn ẹsẹ̀ olówó ńlá wà tó yẹ bẹ́ẹ̀. Orúnkún tó ní kọ̀ǹpútà nínú, irú C-Leg tí ilé iṣẹ́ Ottobock gbé jáde ní 1997, ń ṣọ́ ìrìn ẹni tó wọ̀ ọ́ láti ìgbà dé ìgbà, bí onítọ̀hún bá sì kọsẹ̀, orúnkún náà á le kó má bàa ká. Ìwádìí lóríṣiríṣi ti fi hàn pé ìkọsẹ̀ àti ìṣubú dín kù fún ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lò ó. Ṣùgbọ́n orúnkún ni mo ń sọ yìí. Arìn_Díẹ̀díẹ̀ ní orúnkún tí Ọlọ́run fún un, kí ló fẹ́ fi òmíràn ṣe?

Ti àtẹ́lẹsẹ̀ náà, èyí tó wọ́n kọ́ ló ń bá gbogbo èèyàn mu. Ẹ wo ẹsẹ̀ Jaipur tí Ram Chandra Sharma àti Dókítà P. K. Sethi ṣe ní Íńdíà ní 1968. Rọ́bà àti igi ni, owó rẹ̀ ò sì pọ̀. Àwọn tó ń rìn láìwọ bàtà, tó ń lóṣòó, tó ń gba inú oko kọjá, ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tí ìgbésí ayé rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, bẹ́ ẹ bá fún un ní ẹsẹ̀ kábọ́ọ̀nù tí àwọn eléré ìje ń lò, ẹ ti fìyà jẹ ẹ́. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò bá ara mu á sì ba èyíkéyìí jẹ́, olówó pọ́ọ́kú tàbí olówó ńlá.

Fisíò_Aláàárọ̀

Mo fara mọ́ ọn, ìdí sì nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí wọ́n bọ́ ẹsẹ̀ kí n wo kùkùté ká tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun. Bó bá ń dunni, eré ìdárayá yòówù á kàn máa kọ́ ara bí á ṣe sá ni.

Àmọ́ Arìn_Díẹ̀díẹ̀, ẹ má rò pé ìbọ̀sẹ̀ á parí ẹ̀. Ẹni tí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá ara rẹ̀ mu rẹ́gí náà gbọ́dọ̀ kọ́ ìbàdí.

Àbíkẹ́yìn_Màmá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Màmá mi ni wọ́n gé lẹ́sẹ̀ lókè orúnkún nítorí àtọ̀gbẹ. Wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Lọ́sàn-án, wọ́n máa ń ṣọ́ra gan-an. Òru ló ń kó wa láyà sókè. Wọ́n á jí láti lọ tọ̀, wọ́n á dìde lójú oorun bíi pé ẹsẹ̀ méjèèjì ṣì wà, wọ́n á sì ṣubú. Wọ́n ní àwọn ń mọ̀ ọ́n lára pé ẹsẹ̀ yẹn wà níbẹ̀, pé ìka rẹ̀ ń yún àwọn. Àwọn kan nínú ẹbí ti ń sọ pé ọpọlọ wọn ti ń dàrú.

Adélẹ́sẹ̀_Irin

Ọpọlọ màmá ò dàrú rárá o. Kí ẹnikẹ́ni má sọ bẹ́ẹ̀ sí wọn létí. Ẹsẹ̀ mi tí wọ́n ti gé tipẹ́ ṣì máa ń yún mi títí dòní, ìka tí kò sí mọ́ á máa jẹ mí. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa ló ń rí i bẹ́ẹ̀. Téèyàn bá jí lójú oorun, ara á ti dìde kí ọkàn tó rántí.

Ohun tí mo ṣe sí tèmi: mo gbé àga kan tó wúwo ti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì lápá ibi tí mo máa ń gbà sọ̀kalẹ̀. Bí mo bá fẹ́ dìde láìronú, àga yẹn ni ọwọ́ mi máa kọ́kọ́ bà. Iná kékeré náà wà tí n kì í pa.

Fisíò_Aláàárọ̀

Àbíkẹ́yìn, ẹ bá wa kí màmá. Ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé ilé yín nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ìwádìí kan wà tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001, tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá àwọn 435 tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń gbé nílé ara wọn lẹ́nu wò. Ìdá 52.4 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti ṣubú láàárín ọdún kan ṣáájú ìgbà yẹn, ìdá 49.2 sì sọ pé ẹ̀rù ìṣubú ń ba àwọn.

Kí màmá ní ohun tí wọ́n á fi tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó má di dandan kí wọ́n rìn lóru. Kẹ́ ẹ kọ́ wọn láti jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ kan itan méjèèjì kí wọ́n tó ronú àtidìde. Ẹ gbé àwọn egbòogi tí wọ́n ń lò lọ sọ́dọ̀ dókítà, pàápàá ti ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti oorun, torí àwọn kan máa ń fa òòyì béèyàn bá dìde lójijì. Kí dókítà ojú náà wo ojú wọn, mo ti sọ lókè pé ojú ló ń ru èyí tó pọ̀ nínú ẹrù yìí, àtọ̀gbẹ sì máa ń ba ojú jẹ́.

Èyí tí àwọn èèyàn kì í rántí ni ẹsẹ̀ tó kù. Àtọ̀gbẹ lè ti pa ìmọ̀lára àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ náà. Ẹ ní kí màmá dijú, kẹ́ ẹ fi ìka kan ìka ẹsẹ̀ wọn wúyẹ́, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n. Bí wọn ò bá mọ̀ ọ́n, ẹsẹ̀ tí wọ́n gbọ́kàn lé yẹn náà ò rí ilẹ̀ dáadáa, ó sì lè lọ́gbẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́, láàárín ìka pẹ̀lú.

Ṣé orí àga ni wọ́n ń wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀?

Àbíkẹ́yìn_Màmá

Orí àga ni, bẹ́ẹ̀ ni. Tí wọ́n bá sì dùbúlẹ̀, wọ́n máa ń fẹ́ ká fi ìrọ̀rí sábẹ́ kùkùté itan náà, wọ́n ní ó ń tù wọ́n.

Fisíò_Aláàárọ̀

Ìrọ̀rí yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ. Ó ń tù wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí iṣan iwájú ìbàdí kúrú. Bó bá ti kúrú tó sì gan, itan ò ní lè nà dáadáa mọ́, wọn ò sì ní lè dúró gbọọrọ lórí ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, iwájú ni wọ́n á máa tẹ̀ sí. Bí ara wọn bá gbà á, kí wọ́n máa dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì bí ìṣẹ́jú 20, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Bí mímí bá ń ni wọ́n lára tàbí ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, kí wọ́n fẹ̀yìn lélẹ̀, kí itan tẹ́ sílẹ̀ pẹlẹbẹ láìsí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀.

Ọmọ_Ìbílẹ̀_Etí

Kí ni kéèyàn ṣe bó bá ti ṣubú tán? Gbogbo èèyàn ń sọ bá ò ṣe ní ṣubú, kò sẹ́ni tó ń sọ bá a ṣe ń dìde.

Adélẹ́sẹ̀_Irin

Ìbéèrè tó dáa lèyí, nítorí òun ló mú ẹ̀rù kúrò lára mi. Ìgbà tí mo mọ̀ pé mo lè dìde fúnra mi ni mo tó lè dúró bí ọkùnrin.

Ẹ má sáré dìde. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ara yín: ṣé ibì kan ń dùn yín gan-an, ṣé orí ò kanlẹ̀, ṣé ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ò yí sódì lára yín? Ẹ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀ títí ẹ ó fi wà lórí ọwọ́ àti orúnkún. Ẹ rá lọ sídìí àga tí kò ní yẹ̀. Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìjókòó àga náà. Ẹsẹ̀ gidi lẹ ó gbé síwájú, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á tẹ́ sílẹ̀ dáadáa, orúnkún tòdìkejì á ṣì wà nílẹ̀. Ẹ wá fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gidi yẹn ti ara yín sókè, ẹ yí ìdí, ẹ jókòó. Ìgbà tẹ́ ẹ bá mí tán lẹ ó tó dìde.

Ẹ fi í dánra wò lórí ẹní pẹ̀lú fisíò yín nígbà tí kò tíì sí wàhálà. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ṣubú ní tòótọ́ kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ọ.

Ọmọ_Ìbílẹ̀_Etí

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo tún gbọ́ pé àwọn kan ò lo sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́, pé inú egungun ni wọ́n ń ki irin bọ̀ tààrà. Ṣé òótọ́ ni?

Oníṣẹ́_Ẹsẹ̀

Òótọ́ ni. Sweden ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ fún àwọn tí wọ́n gé lókè orúnkún, ní 1990, láti inú iṣẹ́ Brånemark, onímọ̀ ìṣègùn ará Sweden tó ti kọ́kọ́ ń lo irin tí wọ́n ń pè ní títáníọ̀mù fún eyín. Wọ́n á fi irin sínú egungun itan, orí irin á yọ síta láti inú awọ, ibẹ̀ ni wọ́n á so ẹsẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní i máa ń sọ pé àwọn ń mọ irú ilẹ̀ tí àwọn ń tẹ̀ ju ti sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ, torí egungun ló ń gbé e dé. Àmọ́ ojú ibi tí irin gbà jáde yẹn, kòkòrò lè gba ibẹ̀ wọlé, ìtọ́jú rẹ̀ ò sì lópin. Iṣẹ́ abẹ ńlá ni. Ẹni tí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá lára mu ò nílò rẹ̀.

Àjòjì_Tuntun

Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé òun ń ní ìlọsíwájú? Ó dà bíi pé ojú kan náà ni mo wà.

Fisíò_Aláàárọ̀

Ẹ ní kí fisíò yín fi aago wọ̀n yín. Èyí tó rọrùn jù: ẹ jókòó sórí àga, ẹ dìde, ẹ rin mítà 3, ẹ yí padà, ẹ wá jókòó. Láti ìgbà tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ lọ títí tẹ́ ẹ fi jókòó ni wọ́n ń ka ìṣẹ́jú-àáyá. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2007 lórí àwọn tí wọ́n gé lábẹ́ orúnkún, àwọn tó lo ìṣẹ́jú-àáyá 19 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ṣeé ṣe jù kí wọ́n máa ṣubú léraléra. Ẹ má wá máa sáré nítorí àtilé aago bá o! Mo ti rí ẹni tó sáré bẹ́ẹ̀ tó sì ṣubú sídìí àga.

Ìbéèrè 16 kan tún wà tí wọ́n máa ń bi èèyàn, pé láti 0 dé 100, báwo ni ìgboyà rẹ ṣe tó pé o ò ní ṣubú bó o bá ń gun àtẹ̀gùn, bó o bá ń na ọwọ́ mú nǹkan lókè orí, bó o bá wà láàárín èrò. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ ju aago lọ nígbà mìíràn. Ẹni tí aago rẹ̀ dáa tí ìgboyà rẹ̀ kéré, ilé ló máa jókòó sí, ara á sì máa rọ. Ẹni tí ìgboyà rẹ̀ ga tí aago rẹ̀ burú, òun lèmi ń bẹ̀rù fún.

Arìn_Díẹ̀díẹ̀

Mo padà dé. Mo ti lọ rí ẹni tó ṣe ẹsẹ̀ náà. Ó tún un tò sí bàtà pẹlẹbẹ, ó ní kí n wá bàtà ìjáde tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ò jù ú lọ, ó sì kọ́ mi bí mo ṣe máa fi ìbọ̀sẹ̀ kún un lọ́sàn-án. Gígún yẹn ti lọ. Lórí òṣùwọ̀n, mo ti ń dé 33, 34, láìfi èjìká dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ (ìyàwó mi ń ṣọ́ èjìká náà bí ọlọ́pàá). Mo ti wá rí ìdí tí fisíò mi fi fẹ́ràn àpótí.

Bí mo bá yíjú lójijì ṣá, mo ṣì ń ta gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n.

Fisíò_Aláàárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́! Kílò 34 nínú 74 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì, ibi tá à ń lọ nìyẹn.

Ẹ má fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ṣe ìdí tẹ́ ẹ ó máa yí lé. Bẹ́ ẹ bá tẹ ẹsẹ̀ kan mọ́lẹ̀ tẹ́ ẹ wá lọ́ ara lórí rẹ̀, kùkùté á lọ́ nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ìṣísẹ̀ kéékèèké ni kẹ́ ẹ fi yí, kí ẹsẹ̀ méjèèjì máa gbéra nílẹ̀. Ti ọrùn yíyí, ẹ kọ́ ọ lórí ìdúró kẹ́ ẹ tó kọ́ ọ lórí ìrìn: ẹ dúró sí igun yàrá kan, kí ògiri wà lẹ́yìn yín lọ́tùn-ún lósì, kí àga wà níwájú. Ẹ rọra wo ọ̀tún, ẹ rọra wo òsì. Ẹ wo òkè. Bó bá ti rọrùn, ẹ dijú díẹ̀. Bó bá tún ti rọrùn, ẹ dúró lórí tìmùtìmù tó rọ̀. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn la ó tó wá máa rìn tá a ó máa bá èèyàn sọ̀rọ̀, tàbí ká máa ka nọ́ńbà sẹ́yìn, torí lójú títì kò sẹ́ni tó máa dákẹ́ dè yín kẹ́ ẹ fi ronú nípa ẹsẹ̀.

Olóhùn_Kan

Mo ti gbọ́ o. Ẹ bá mi dáhùn èyí ná, bàbá kan nínú ilé wa ló nílò rẹ̀: ọwọ́ wo ni kó fi di ọ̀pá mú? Ọ̀tún ni wọ́n gé, ọ̀tún ló sì fi ń mú un.

Adélẹ́sẹ̀_Irin

Kó gbé e sí òsì. Ọwọ́ tó dojú kọ ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ni. Ọ̀pá àti ẹsẹ̀ àtọwọ́dá á jọ máa lọ síwájú pọ̀. Bó bá wà lọ́wọ́ apá kan náà, ara á máa ṣubú lé apá yẹn ni.

Lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ gidi ló ń gòkè ṣáájú, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ló ń sọ̀kalẹ̀ ṣáájú.

Olóhùn_Kan

Bí irin ìdìmú àtẹ̀gùn bá wá wà lápá òsì nìkan ńkọ́, níbi tí ọ̀pá wà?

Adélẹ́sẹ̀_Irin

Irin ni kó dì mú. Irin ò lè yẹ̀, ọ̀pá lè yẹ̀. Kó gbé ọ̀pá sí ọwọ́ ọ̀tún títí á fi dé òkè, kó tó wá dá a padà.